Ta ló jẹ ọdún méjì mi?

Mo tún rí i láàárọ̀ yìí: "A ń wá òṣìṣẹ́ tuntun. Ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 25 lọ." Ara mi gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú nǹkan yìí, ṣé Nàìjíríà yìí náà lẹ ti kàwé?

Ọdún 2017 ni mo wọ yunifásítì, ọmọ ọdún 18 ni mí. Kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin. Ká ní wọ́n jẹ́ ká kàwé ni, ǹ bá ti parí ní 2021. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020, kọ̀rónà bá a níbẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ Kérésì kó tó tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, ó tún bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko. (Mi ò bínú sáwọn olùkọ́ wa o, ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀.) Ìgbà tí mo fi sin ìlú tán ní 2025, mo ti pé 26.

Ilé iṣẹ́ kan pè mí l'Ékòó. Mo ti ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, mo yege. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo yege. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ fún intafíù tó kẹ́yìn. Aago mẹ́rin ìdájí, mo ti wà ní gáréèjì Ìwó Róòdù, mo di bàtà mi sínú ọ̀rá kí eruku má baà bà á jẹ́. Nígbà tó kàn mí, àǹtí tó jókòó síbẹ̀ ṣí ìwé mi, ó wo ọjọ́ ìbí, ó ní, "Háà, ẹ ti lé ní 25." Ó pa ìwé dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ ìbí yẹn ni nǹkan kejì tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn, lẹ́yìn orúkọ mi! Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó kà á.

Mo sunkún láti Berger dé Ìbàdàn.

Ìjọba ní ẹni tí kò bá tíì ju 30 lọ nígbà tó jáde gbọ́dọ̀ sin ìlú. Báwo ni ẹni 26 ṣe wá di arúgbó? Ẹ má sì sọ pé kí n ní sùúrù. Ẹni tó gbé mi dúró ò wàásù fún mi. Ọ̀rẹ́ tá a jọ wà ní káńpù àgùnbánirọ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, á pè mí: "Mélòó lo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Kì í bi mí pé mélòó ló dáhùn. A ó ka lẹ́tà ara wa, a ó tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ tí mo ti Èkó dé, mo ní mi ò fi ìkankan ránṣẹ́. Ó ní, "Ó dáa, a ó pín tèmi." Lọ́jọ́ Ajé, mo fi méjì ránṣẹ́.

Lánàá, Màámi ní kí n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, kí n yọ ọdún mẹ́ta kúrò. Wọ́n ní ọmọ aláta ẹ̀gbẹ́ wọn ní Bódìjà ṣe é, ó sì ti ríṣẹ́. Mo pariwo lé wọn lórí pé mi ò lè parọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn ń ka owó ọjà wọn.

Fọ́ọ̀mù àárọ̀ yìí ṣì wà ní ṣíṣí lórí fóònù mi. Mo ti kọ orúkọ. Ọjọ́ ìbí ló kù.