Ọjọ́ tí omi kún táǹkì kọ́ ni fídíò yẹ kó parí

Èrò ọkàn mi rèé lórí àwọn fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbin ewé sínú táǹkì ẹja: ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń parí sí. Wọ́n á da yanrìn, wọ́n á to òkúta, wọ́n á gbin ewé, omi á kún, orin á dún, ó tán. Ẹni tó wò ó á ra ẹja lọ́jọ́ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹja ti ń léfòó. Ohun tí wọ́n fi hàn án náà ló kúkú ṣe.

Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú kámẹ́rà. Amóníà, oró tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà, àti nitrite ló ń pa ẹja nínú táǹkì tuntun. Bakitéríà tó ń sọ amóníà di nitrite, àti èyí tó ń sọ nitrite di nitrate tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ: tó bá jẹ́ yanrìn lásán lẹ lò, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja fín-ín-fín sí i kó jẹrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo tí test kit, ohun èlò tí a fi ń dán omi wò, ń fi hàn yín, ẹ̀tàn ni. Ẹ yà á lọ́jọ́ 1, 3, 7, 14, 21, 28 àti 42. Ẹ lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ tripod wà, kí igun tí ẹ ti ń yà á má yí. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìgò tí ẹ fi dán omi wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àwọ̀ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Iná táǹkì máa ń da àwọ̀ yẹn rú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, nǹkan búráùn á bo gíláàsì àti ewé. Diatom ni, ohun tíntìntín kan bí èéhù inú omi, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni Cryptocoryne, ewé kan tí wọ́n máa ń gbìn sínú táǹkì, máa ń yọ́: ojú afẹ́fẹ́ ni ewé rẹ̀ ti hù lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbìn ín tà, èyí tó máa gbé inú omi kò tíì jáde. Ẹni tí kò mọ̀ á fa gbogbo rẹ̀ tu dànù, gbòǹgbò tó ṣì wà láàyè a sì bá a lọ. Tí ẹ bá gé ibi yìí kúrò torí pé kò dùn ún wò, kí lẹ wá kọ́ wọn?

Anubias barteri ni màá fi bẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ewé etídò ilẹ̀ wa ni, ó ń hù ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, kò sì fẹ́ iná púpọ̀. Ìdí rẹ̀ nà bí ata ilẹ̀, gbòǹgbò nísàlẹ̀, ewé lókè. Tí ẹ bá rì ìdí yẹn mọ́nú yanrìn, á jẹrà, ewé á máa já pẹ̀lú igi rẹ̀. Òwú ìránṣọ dúdú ni kí ẹ fi wé e mọ́ òkúta, ká mẹ́ta, kó má le jù. Kí kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ níbí, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 15 láìgé.

Ẹ máa sọ iye. Táǹkì 60 × 30 × 36 cm ń jẹ́ lítà 65, ṣùgbọ́n tí yanrìn àti òkúta bá ti wọ̀ ọ́, omi tó kù kì í ju 50 sí 55 lọ, òun sì ni kí ẹ fi wọn oògùn tó ń pa klórínì. Yanrìn 3 cm níwájú, 7 cm lẹ́yìn, lítà 9 ni. Ẹ kán fínígà sí i kẹ́ ẹ tó lò ó: tó bá hó, ìkarahun tàbí òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, á mú omi le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da fídíò ìlú òtútù kọ. Omi Èkó ti wà ní bíi 27 sí 30 °C fúnra rẹ̀, kí ni híítà fẹ́ ṣe níbẹ̀? Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, nítorí náà kí ẹnu fílítà máa ru ojú omi. Nǹkan tí kò sí nínú fídíò wọn ni NEPA. Tí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bakitéríà inú fílítà a kú, omi rẹ̀ a bàjẹ́. Ẹ fi omi táǹkì ṣan kànìnkànìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tàn án padà. Táímà oníyíyí náà máa ń dúró tí iná bá lọ, wákàtí 6 tí ẹ fún ewé lè bọ́ sí òru.

Ní ti yíyà, ẹ pa iná yàrá, ẹ wọ aṣọ dúdú, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn kámẹ́rà, kí òjìji yín má hàn nínú gíláàsì. Tí ìlà bá ń sáré lórí àwòrán, ẹ gbé shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́jọ́ 42, ẹ gé ewé tó ti gùn, ẹ sì dárúkọ èyí tó kú àti ohun tó pa á.