Hemingway kò ní ká mutí kọ̀wé
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n òǹkọ̀wé, kó mutí yó kó tó kọ ọ́, kó wá tún un ṣe bójú rẹ̀ bá dá. Pé Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Akéwì ọ̀mùtí inú ìtàn àròsọ kan tí Peter De Vries kọ ní 1964 ló sọ irú rẹ̀.

Hemingway ń mutí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún ìwé ìròyìn The Paris Review ní 1958 pé òwúrọ̀ kùtù lòun ń kọ̀wé, òun sì ń dáwọ́ dúró níbi tóun ṣì ti mọ ohun tó kàn. (Èyí wúlò ju ọtí lọ: ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ bá ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.) Ẹ wá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.