Búùtù ò kéré sí i torí pé ẹ́ńjìnnì lágbára

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń sọ ọ́ lánàá bí ẹni tó kà á nínú Bíbélì: "Hatchback tí wọ́n bá ti fi agbára kún, ìṣeré ló kù. Kò ṣeé fi ṣe nǹkan gidi mọ́." Hatchback ni ọkọ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn búùtù rẹ̀ ń ṣí sókè tòun ti gíláàsì ẹ̀yìn. Mo bi í bóyá ó ti wa irú ẹ̀ rí. Kò wà á rí o. Wọ́n sọ fún un ni.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ náà gan-an? Ẹ́ńjìnnì òde òní tó ní turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀: òun ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ tí turbo máa tì wọlé ṣe máa pọ̀ tó, iye epo tó máa bá a wọlé, àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ṣáná. Àwọn iye yẹn ni wọ́n ń yí padà. Tó o bá rọra fẹsẹ̀ tẹ epo, turbo ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe máa rìn. Ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni agbára tuntun máa tó yọjú. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, o ò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Ayé ìgbà káàbúrétọ̀ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n, tó ń kú lójú títì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà.

Ààyè ẹrù ńkọ́? Lítà 380 ni búùtù Volkswagen Golf lásán ìran keje, lítà 380 náà ni ti Golf GTI, èyí tí wọ́n fi agbára kún. Agbára Honda Civic Type R ọdún 2017, tóun náà jẹ́ hatchback, lé ní 300 horsepower, ó sì yí Nürburgring, pápá ìdíje ọkọ̀ kan ní Jámánì, po ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 43.8. Ọkọ̀ yẹn kan náà ní ilẹ̀kùn márùn-ún, búùtù rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti Golf lọ.

Èmi fúnra mi ti fi tèmi gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo tẹ àga ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, a tì í wọlé, róbà omi rẹ̀ sì ń gbá mi léjìká ní gbogbo kọ́nà. Lórí òkè, mo ya tírélà kan sílẹ̀ ní gíà kẹrin láì já gíà rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé ó ń gbo yín jìgìjìgì, ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń gboni? Ẹ ti gé sípíríìǹgì, ẹ wọ táyà pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ò wú, ẹ wá ń di ẹ̀bi ru agbára.

Ó dáa, ibi kan wà tí agbára ti ń dá wàhálà sílẹ̀: kíláàṣì, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gíà. Tèmi yọ̀ lọ́dún kejì: abẹ́rẹ́ RPM tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí hàn ń fò sókè, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Owó ńlá ló gbà lọ́wọ́ mi, mi ò ní parọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn ń kó lọ sílé tuntun ní Sátidé. Ó ti pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun máa wọ ọkọ̀ mi.