Àkísà Àwọn Bàbá Sójà

Wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ bàbá kan lójú mi lóṣù Keje tó kọjá, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àjọ̀dún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ sójà péjọ sínú gbọ̀ngàn kan, bẹ́ré lórí, mẹ́dà láyà, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní kí bàbá yìí, tó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, wá sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bàbá dìde, ó tún bẹ́ré rẹ̀ ṣe, ó ní, "Lọ́dún 1968, nígbà tá a dé etí Odò Ímò..." Ó sọ bí òjò ṣe ń rọ̀. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Gboko. Ó ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwọn fi wọ omi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé tí ọmọkùnrin tó ń darí ètò fi já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Bàbá wa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni! Àkókò ò dúró de ẹnì kan. Ọnọrébù ti wọlé o! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún bàbá!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá ṣì wà láàrin odò.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ, ẹni tó bá lówó lónìí lè rà á kún àpótí kó tó dìrọ̀lẹ́. Àkísà, ọjọ́ orí nìkan ló ń kó o jọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n ò ní fa òwe yẹn gùn. Ohun tó ká mi lára ni pé aṣọ tuntun kún gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ànkárá tuntun ni àwọn ìyàwó wọ̀. Kánáfasì tuntun, tí wọ́n tẹ àwòrán Ọnọrébù sí, tó tóbi ju àsíá ilẹ̀ wa lọ, ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Kéèkì onípele mẹ́ta wà lórí tábìlì. Àkísà kan ṣoṣo tó jáde láti ẹnu ẹni tó ni ín, a ní kó lọ jókòó.

Ọnọrébù wá sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ka aago. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìfaradà.

Kí là ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ gan-an? Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá iṣẹ́ sójà sílẹ̀ nílẹ̀ yìí là ń rántí, ọdún 1863 là bá lọ, nígbà tí Glover, ọ̀gágun ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn bàbá ńlá wa ń pè ní Gọ́lọ́bà, kó àwọn Hausa tó já ara wọn gbà lóko ẹrú jọ, tó sọ wọ́n di ọmọ ogun l'Ékòó. Àmọ́ 6 oṣù Keje là ń ṣe é, nítorí pé ọjọ́ yẹn lọ́dún 1967 ni ìbọn kọ́kọ́ dún ní Gakem lápá Ògójà, tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ilẹ̀ kan náà dojú ìbọn kọ ara wọn la fi ń gé kéèkì. N ò ní kẹ́ ẹ má gé e. Mo ní, lórí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tá ò bá jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí la wá ń jẹ kéèkì sí?

15 oṣù Kìn-ín-ní lọ́dún 1970 ni ogun náà parí, nígbà tí Effiong, igbákejì Ojukwu ní Biafra, àti àwọn tó tẹ̀ lé e wá túúbá níwájú Gowon ní báráàkì Dodan, n'Íkòyí. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun fi kúrò ní oṣù Kọkànlá táwọn òyìnbó fi í sí, tó bọ́ sí oṣù Kìn-ín-ní. Dodan yẹn ńkọ́? Ìlú wo ló ń jẹ́ Dodan n'Íkòyí? Bọ́mà, ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, ni orúkọ náà ti wá. Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yàbá, Letmauck ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, orúkọ ibi tí ogun Hítílà gbé àwọn bàbá wa lọ ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Oṣù Kìn-ín-ní 1945 ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wọ Myohaung. Wọ́n gbé orúkọ náà bọ̀ wálé bí ẹni gbé ẹrù àjò bọ̀, wọ́n sì fi í sí ẹnu ọ̀nà kí ọmọ ọmọ wọn má baà gbàgbé.

Mo bi ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣàtúnṣe fóònù ní Mọ́kọ́lá pé ta ni Letmauck. Ó ní òyìnbó tó kọ́ báráàkì náà ni. Ó tún ní òyìnbó náà níwà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ìgbà tó yá ni ìtìjú wá mú mi, nítorí èmi náà ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí n tó mọ̀. Èmi tí ará Bọ́mà gbé inú ilé wa!

Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí Bọ́mà. Alárù ni wọ́n níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò kún ọwọ́. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ ká ju òṣùká nù nínú ilé, kódà èyí tó ti já. Mo sì mọ̀ pé nígbàkígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lókè ilé wa, bàbá á gbójú sókè, wọ́n á pariwo pé, "Ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀ o! Àpò ìrẹsì ń bọ̀!" Àwa ọmọdé á fọ́n ká, a ó máa fi ẹ̀rín pa ara wa. Nígbà mìíràn, bí kò tiẹ̀ sí ọkọ̀ òfurufú, a ó lọ bá wọn lórí àga, a ó ní, "Bàbá, ó ń bọ̀ o!" kí wọ́n lè tún un sọ. Màmá mi á ní ká fi bàbá sílẹ̀, pé ọjọ́ ogbó ló dé.

Wọ́n sin bàbá. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó ka ìwé kan tí òyìnbó kọ lórí Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 1944, àfonífojì Kaladan ni wọ́n rán wọn lọ, ibi tí ọ̀nà mọ́tò kò dé. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà tó gùn tó ọgọ́fà kìlómítà gba orí òkè. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun. Oúnjẹ wọn, ojú sánmọ̀ ló ti ń wá: ọkọ̀ òfurufú á fò wálẹ̀ sún mọ́ orí igi, wọ́n á máa ta àpò sílẹ̀. Ohun tó lè fọ́ ni wọ́n ń so páráṣúùtù mọ́. Ìrẹsì kò lè fọ́. Láìsí páráṣúùtù ló ń já bọ́, àpò tó bá sì bá èèyàn lórí, ó parí fún onítọ̀hún nìyẹn.

Orí bàbá pé. Wọ́n ń kìlọ̀ fún wa ni.

Ìwé yẹn náà ni mo ti rí i pé Dífíṣọ̀n 82, àbúrò wọn, òṣùká alárù ló wà lára àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá aṣọ, tí ọ̀kọ̀ méjì gba inú rẹ̀ kọjá. Òṣùká! Lára aṣọ ogun! Ẹ wo bí àgbàlagbà ṣe jókòó sínú ilé wa pẹ̀lú gbogbo èyí nínú, tó jẹ́ òyìnbó tí mi ò rí rí ló wá sọ ìtàn bàbá mi fún mi. Nítorí náà, bí mo bá ń bá yín wí, ara mi ni mo kọ́kọ́ nà.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní tirẹ̀ kò dúró de ọmọ kankan kó wá bi í. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ogun lọ́dún 1942, àwọn olùtọ́jú aláìsàn ló sì bá ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò ní Kaladan, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan ló kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman, tí kò gbọ́ èdè wọn, tó mọ̀ pé ikú ni bí àwọn Japan bá mọ̀, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tó sì fi wọ́n pamọ́ sílé ara rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá. Nígbà tí Fadoyebo fẹ̀yìntì, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ó kọ ọ́ ni akọ̀ròyìn kan ṣe gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ fún ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà lọ́dún 2011. Ọdún kejì ẹ̀ ni bàbá kú. Bí ó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn tí mo wà ló ti fẹ́ sọ ọ́ ńkọ́? Kò ní dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yẹn kí ọmọ ẹlẹ́nu dídùn tó gba máìkì.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ̀yin olùdarí ètò, ta ló sọ fún yín pé ìtàn ogun dà bí orin tí wọ́n fi ń mú àlejò gbọ̀nà títí ẹni ńlá á fi dé? Ìtàn yẹn ni àjọ̀dún. Ọnọrébù ló yẹ kó jókòó gbọ́ ọ. Ó tiẹ̀ yẹ kó gbọ́ ọ ju ẹnikẹ́ni lọ, bóyá bó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe wọ odò, á rántí pé irú àwọn bàbá yìí ló ń lọ dí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba l'Ábújá nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ẹ fún wọn ní mẹ́dà, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ di owó wọn mú. Mẹ́dà ò ṣe é rà gàrí.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà nílé, ẹ má ròó pé ti ẹlòmíì ni mò ń sọ. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń ya ijó, ohùn bàbá yín wọ inú ẹ̀. Àwọn tó lọ ja ogun abẹ́lé ti dàgbà tán, wọ́n ń kú. Àwọn tó wọ Monrovia ní Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Kẹjọ 1990 ṣì lágbára, ìrántí wọn ṣì mọ́ gaara, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá sì máa bi wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èèyàn mélòó lẹ pa?" Ìbéèrè aláìnírònú ni. Ohun tí wọ́n jẹ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń sùn tì wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ látorí ọbẹ̀, ẹ ó rí ibi tó máa já sí.

Ẹ̀yin bàbá náà ò mọ́ nínú ẹ̀. Àwọn kan nínú yín, yàrá tí wọ́n ti ń pín bàtà lẹ wà látìgbà tógun bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti mu ìgò kejì, ẹ̀yin àti ọ̀gágun Adékúnlé nìkan lẹ jọ gba Bonny lógun abẹ́lé. Kí lẹ ń purọ́ fún? Ẹni tó pín bàtà náà lákìísà tirẹ̀. Ó mọ bàtà mélòó ló jáde, ó mọ èyí tí kò padà. Àwọn mìíràn, ẹ dijú mọ́rí, ẹ ní ogun kì í ṣe ohun à ń sọ fọ́mọ. Ẹ wá lọ ń sọ ọ́ fún ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú gbọ̀ngàn tí wọn ò ti fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń gba máìkì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín. Mo rí yín. Kò sẹ́ni tó dìde.

Èmi náà ò dìde, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́.

Ìgbà tí ètò parí ni mo bá bàbá náà lẹ́nu géètì, tó ń dúró de kẹ̀kẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ padà sọdá odò yẹn?"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Bí mi ò bá sọdá, ṣé wàá rí mi níbí? Kì í tiẹ̀ í ṣe odò ni mo fẹ́ sọ. Bàtà ni."

Wọ́n ní ọmọ Gboko yẹn ò mọ odò wẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó so okùn wọn pọ̀, ó gbé e kọ́ bàbá lọ́rùn, ó ní kó bá òun mú un dé òdìkejì. Bàbá dé òdìkejì. "Mo wọ bàtà yẹn títí ogun fi parí. Ó tóbi jù mí lọ. Mo máa ń ki ewé sí i níwájú." Wọ́n tún fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, kẹ̀kẹ́ bá dé. Wọ́n gun un, wọ́n fa ọ̀pá wọn wọlé, wọ́n ní kí n wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kí n má ṣáà mú ẹnikẹ́ni tó ń wo aago dání.