Ta ló sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣègbè?

Ọ̀rọ̀ owó iná ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa lóṣù tó kọjá. Bàbá onílé ní kí ayálégbé ìsàlẹ̀ máa san ìdajì owó iná, torí fíríìjì méjì tó fi ń ta omi tútù. Ayálégbé náà fèsì pé, "Bàbá, AC ta ló ń kùn mọ́jú lókè?" Ohùn ń lọ sókè. Ọmọkùnrin kan tó wà ní yunifásítì bá yọ fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bi AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn. Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín, kò lè ṣègbè."

Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ayálégbé ló kọ́kọ́ ro ẹjọ́, ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn dé: ìdajì ti pọ̀ jù, ó yẹ kí onílé ka àwọn tó kù nínú ilé mọ́ ọn. Ayálégbé pàtẹ́wọ́. Bàbá ò wí nǹkan kan. Wọ́n fi awò wọn sójú, wọ́n jókòó ti ọmọ náà, wọ́n ní kó tẹ tàwọn náà: ẹnì kan ń fi iná tí àwọn ń sanwó rẹ̀ ṣòwò, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn dé: kò dáa rárá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbowó yín. Fóònù kan náà, ẹjọ́ kan náà, àárín wọn ò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé kò sẹ́ni tó bá ẹ̀rọ wí. Oníkálukú gbà pé ìdáhùn tòun ni òtítọ́, ẹnì kejì ló purọ́ fún un.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ojú wa ti rí adájọ́ tó gba rìbá, ojú wa ti rí ọ̀gá ibiṣẹ́ tó jẹ́ pé ará ìlú rẹ̀ nìkan ló ń gbà síṣẹ́. Ẹ̀rọ kò ní ìlú, kò ní àna, kò ní ikùn tí yóò fi jẹ owó ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Àmọ́ òkúta náà ò ní ikùn, a ò sì gbé ẹjọ́ lọ bá òkúta rí.

Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀, òkìtì-òkìtì, ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣírò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀lé èyí tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn tún ń yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò, wọ́n ń fún èyí tó dùn mọ́ wọn ní máàkì, ẹ̀rọ náà a sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dùn mọ́ni. Ó ṣe wá jọ wá lójú pé ó gbè sẹ́yìn ayálégbé, ó tún gbè sẹ́yìn onílé?

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí o bá kọ Èṣù sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google, ọ̀rọ̀ táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe Sátánì ni yóò gbé jáde. Ẹ ro ti ọmọ wa kan tí wọ́n bí sí London, tó fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀, Èṣùbíyìí. Ẹ̀rọ tí kì í ṣègbè yóò sọ fún un pé Sátánì ló bí baba ńlá rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ nírú èyí? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, Èṣù ni wọ́n pe ẹni tó dán Jésù wò nínú aginjù, nínú Mátíù orí kẹrin. Ìwàásù gbà á, orin ìjọ gbà á, ìwé ilé ẹ̀kọ́ gbà á. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì kó ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tó lé ní 300 jọ kí ẹ̀rọ lè fi kọ́ ìtumọ̀; JW300 ni wọ́n pè é, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà sáré gbá a mú, torí kò sí ohun púpọ̀ míì. Nínú ìwé wọ̀nyẹn, "Sátánì Èṣù" ni ẹ ó máa bá pàdé, méjèèjì so pọ̀ bí ìbejì.

Èṣù tí àwọn oníṣẹ̀ṣe mọ̀, ìyẹn Láàróyè tó ń gbé ẹbọ lọ sọ́run, tó jókòó sí oríta, inú ẹsẹ Ifá ló wà, lẹ́nu àwọn tí kì í kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ò kórìíra wọn. Ó ka ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó kọ̀wé jù ló sì gba ẹjọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá pariwo pé Èṣù kọ́ ni Sátánì, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè tó ti bá Google ṣiṣẹ́, sì wà lára àwọn tó gbìyànjú láti tún un ṣe. (Ẹ sì rántí pé Èṣù yìí kan náà ló wọ fìlà aláwọ̀ méjì kọjá láàárín oko ọ̀rẹ́ méjì. Ọ̀kan ní fìlà dúdú ni, èkejì ní pupa ni, ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ó jọ pé wọ́n ti mọ bàbá onílé wa láyé àtijọ́.)

Nǹkan míì rèé tí èdè wa fi yé mi. "Ó" tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni tàwọn ará Tọ́kì, àní "o" làwọn náà ń pè é. Ní 2017, Aylin Caliskan, Joanna Bryson àti Arvind Narayanan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn fún ẹ̀rọ ìtumọ̀ ní "o bir doktor" àti "o bir hemşire", ìyẹn "ó jẹ́ dókítà" àti "ó jẹ́ nọ́ọ̀sì". Ẹ̀rọ sọ dókítà di ọkùnrin, ó sọ nọ́ọ̀sì di obìnrin, kò sì sí èyíkéyìí níbẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fún un. Ìgbà tí 2018 ń parí lọ ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi méjèèjì hàn fún èdè Tọ́kì. Ẹlòmíì á ní nọ́ọ̀sì obìnrin ló kúkú pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni kan pàtó là ń sọ, a ò sọ ti ọ̀pọ̀.

Títí dé ibí yìí, eré ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá Detroit ní Amẹ́ríkà mú ọkùnrin kan, Robert Williams, níwájú ilé rẹ̀, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké ń wò ó. Ẹnì kan ti jí aago ọwọ́ ní ilé ìtajà, ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ sì ní fọ́tò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Williams àtijọ́ jọ ti olè náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọgbọ̀n wákàtí ní àtìmọ́lé. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán olè náà síwájú rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀, ó ní òun kọ́ rèé. Kí àwọn ọlọ́pàá tó mú un ló yẹ kí wọ́n ti fi àwòrán yẹn wé ojú rẹ̀. Ní 2024, ìlú Detroit san 300,000 dọ́là fún un.

Kì í ṣe pé wọn ò kìlọ̀. Ní 2018, olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, bóyá ó lè sọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin láti ojú. Fún ọkùnrin tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀, àṣìṣe wọn ò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó burú dé 34.7. Ojú Buolamwini fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ kan kò rí i rárá àfìgbà tó gbé ìbòjú funfun wọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Inioluwa Deborah Raji, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, padà lọ wò ó. Àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti dárúkọ wọn ní gbangba ti tún tiwọn ṣe gan-an. Àwọn tí wọn ò dárúkọ ṣì wà lẹ́yìn. Ojú ti àwọn ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ̀rọ kọ́ ni ojú tì o, kò lójú tó lè tì.

Ẹlòmíì ti bi mí pé ṣé èèyàn kì í ṣègbè ni. Ó ń ṣe é, ó sì máa ń burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó ṣègbè ní orúkọ, mo lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì lè yọ ṣùtì sí i lọ́jà. Bí ẹ̀rọ bá ṣì mí mú, ọlọ́pàá á ní ẹ̀rọ ló sọ ọ́, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ á ní òun ò rán ọlọ́pàá níṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń bá ọ̀rọ̀ "kì í ṣègbè" yìí jà nìyẹn: ó ń jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ rí ibi fara pamọ́ sí.

Ní ti owó iná, ìyá onílé ló parí ẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá síwájú mítà. Lóru ọjọ́ kìíní, wọ́n pa AC, fíríìjì méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Lóru kejì, wọ́n yọ fíríìjì, wọ́n tan AC. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye yúníìtì sára ògiri. Èyí tí AC jẹ pọ̀ ju ti fíríìjì lọ fíìfíì. Bàbá wo ògiri náà títí, wọ́n wá ní kí ọmọ yunifásítì yẹn mú fóònù wá, àwọn fẹ́ bi AI léèrè bóyá mítà máa ń purọ́.