Sípánà Jackie Stewart

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ọjọ́ Àìkú, mi ò lè gbé e mì mọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kan la ti jọ ń wo eré ọkọ̀ Formula 1. Òjò dé, wọ́n gbé àsíá pupa sókè, gbogbo ọkọ̀ wọlé. A jókòó, à ń wo omi lójú títì fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe pòṣé nìyẹn. Wọ́n ní ojo ni gbogbo awakọ̀ ayé ìsinsìnyí. Wọ́n ní kí n wo irin tí wọ́n tẹ̀ yí wọn lórí ká, bíi pé wọ́n da àgò adìyẹ bò wọ́n. Wọ́n ní ìgbà tí ikú ṣì wà nínú eré yìí ló dùn, ìgbà yẹn ni ọkùnrin ń wakọ̀.

Mi ò fèsì. Wọ́n fi ọdún méjìlá jù mí lọ, inú pálọ̀ wọn ni mo wà, oúnjẹ wọn ló sì wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n ojúlé tèmi rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Gbogbo ẹni tó ń yin ìgbà yẹn fún mi, orí àga ló ti ń yìn ín. Ẹ bá mi bi ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Jackie Stewart, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1969, ó tún gbà á ní 1971 àti 1973. Eré 99 ló sá, ó sì gba ipò kìíní nínú 27. Bí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bí ìgbà yẹn ṣe dùn tó, òun ni. Bó bá sì ti la ẹnu nípa ìgbà náà, òkú ọ̀rẹ́ ló máa ń kà.

Ẹ bá mi dé Spa, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 12 oṣù kẹfà 1966. Ọjọ́ tó ṣáájú ni Stewart pé ọdún 27. Spa ìgbà yẹn, títì tí ará abúlé ń gbà lọ sóko ni, ó gùn tó kìlómítà 14. Ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi wà, òpó wáyà wà, kò sì sí ohunkóhun tó dínà láàárín wọn àti ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ti gbéra gbẹ táútáú. Wọn ò tíì yípo lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi já sínú òjò ńlá níwájú, ni ọkọ̀ bá ń fò kúrò lójú títì lọ́tùn-ún lósì. Eré tí ti Stewart ń bá bọ̀ ju kìlómítà 250 láàárín wákàtí kan lọ. Ó já kúrò lójú ọ̀nà, ó ń kọ lu nǹkan kiri títí ó fi lọ balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé oko kan.

Ara ọkọ̀ náà fún pọ̀ mọ́ ọn. Sítíárìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè jáde. Àwọn táńkì epo tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ti bẹ́, epo ń dà sí i lára, ó ń ta á bí ata. Kí iná ṣáà ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ parí.

Ta ló wá gbà á? Dókítà kankan ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí panápaná. Graham Hill àti Bob Bondurant ni, àwọn tí wọ́n jọ ń díje, tí ọkọ̀ tiwọn náà ti já kúrò lọ́nà nítòsí ibẹ̀. Wọ́n fà á, kò wá. Àfi kí wọ́n tú sítíárìn yẹn, wọn ò sì ní irinṣẹ́. Ọ̀dọ̀ òǹwòran kan ni wọ́n ti lọ tọrọ sípánà! Eré tí gbogbo ayé ń wò, ọwọ́ ẹni tó wá wòran ni ẹ̀mí awakọ̀ wà. Ó tó ìṣẹ́jú 25 kí wọ́n tó rí i yọ.

Ìyà ò tíì tán. Níbi tí wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú, ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, láàárín ìdí sìgá tí àwọn èèyàn mu sọnù. Nígbà tí wọ́n wá ń fi áńbúláǹsì gbé e lọ sí Liège, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣáájú sáré fi wọ́n sílẹ̀, awakọ̀ áńbúláǹsì ò sì mọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni Stewart ti ń fi téèpù lẹ sípánà mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀. Mo máa ń rò ó gan-an. Ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń yọ gbogbo ohun tó wúwo kúrò lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́, òun wá fi irin kún un, kí ẹni tó bá máa wá fa òun jáde lọ́jọ́ kan má bàa wá irinṣẹ́ tì. Ó tún ń fi owó ara rẹ̀ mú dókítà dání lọ síbi eré.

Ẹni yìí ni wọ́n pè ní ojo! Àwọn tó ni pápá bínú sí i, àwọn akọ̀ròyìn kan bú u, pé ó fẹ́ ba eré jẹ́. Kí ló ń bèèrè? Ó ní kí wọ́n fi irin dínà ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n gé igi tó wà létí ọ̀nà, kí dókítà gidi wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ká ní ohun tí etí wọn ń fẹ́ gbọ́ lòun ń sọ ni, wọn ì bá fẹ́ràn òun jù báyìí lọ, òun ì bá kàn ti kú ni.

Ẹ wo àwọn awakọ̀ tó kú ní 1968 nìkan: Jim Clark lọ ní oṣù kẹrin, Mike Spence ní oṣù karùn-ún, Scarfiotti ní oṣù kẹfà, Schlesser ní oṣù keje. Ẹ ṣáà máa kà á lọ. Ọdún tó ṣáájú, ọkọ̀ Lorenzo Bandini dojú dé ní Monaco, ó gbiná, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀; kòríko gbígbẹ tí wọ́n dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti fi gba awakọ̀ là ló ran iná ọ̀hún lọ́wọ́.

Èyí tí mi ò lè wò dé òpin ni ti Zandvoort, ní Netherlands, 29 oṣù keje 1973. Ọkọ̀ Roger Williamson dojú dé, ó gbiná. Eré kejì rẹ̀ rèé ní Formula 1. David Purley pa eré tirẹ̀ tì, ó sáré kọjá títì, òun nìkan ló ń gbìyànjú láti yí ọkọ̀ yẹn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ní aṣọ tí iná ò lè ràn, wọn ò lè sún mọ́ ọn. Purley gba ohun ìpaná kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó fọ́n ọn tán, iná ò kú. Ó ń juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá pé kí wọ́n dúró. Wọn ò dúró. Wọ́n rò pé òun ló ni ọkọ̀ tó ń jó, pé ó ti bọ́. Williamson kú síbẹ̀, wọn ò dá eré náà dúró. Ta ló gba ipò kìíní? Stewart ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló borí iye eré tí Jim Clark jẹ. Irú ayọ̀ wo nìyẹn?

Irin tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní àgò adìyẹ yìí, òun ló gba Romain Grosjean là ní Bahrain ní 2020. Ọkọ̀ rẹ̀ wọnú irin ẹ̀gbẹ́ títì, ó já sí méjì, iná sọ. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú iná yẹn, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Helen, ìyàwó Stewart, máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú aago lọ́wọ́, tó ń ka àkókò ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1973, Stewart pinnu pé tí ọdún bá parí, òun ò wakọ̀ díje mọ́. Ó sọ fún Ken Tyrrell, ọ̀gá rẹ̀. Kò sọ fún Helen. Kò fẹ́ kó máa ka iye eré tó kù. Ìgbà tó wá ku eré kan ṣoṣo, tí ì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà, François Cevert tí wọ́n jọ ń wakọ̀ fún Tyrrell kú nígbà ìdánrawò, ní 6 oṣù kẹwàá. Ẹni ọdún 29 ni. Stewart ò sá eré náà. 99 ló dúró sí.

Ní 2014, àyẹ̀wò fi hàn pé Helen ní àrùn ọpọlọ tó ń múni gbàgbé nǹkan. Ẹni tó ń bá a ka ìṣẹ́jú-àáyá! Stewart dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń wá owó fún ìwádìí àrùn náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sìnkú àwọn ọ̀rẹ́ wọn nígbà yẹn. Òun nìkan ló wá ń rántí fún àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú látìgbà tí mo ti ń kọ èyí. Stewart yìí kan náà ló wa ọkọ̀ ní Nürburgring, ní Jámánì, ní 1968, nínú òjò àti kùrukùru, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, tó sì fi ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ṣáájú ẹni tó ṣe ipò kejì. Ó ní tóun bá ń kúrò nílé lọ síbẹ̀, òun máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun á bojú wo ilé lẹ́yìn dáadáa, torí òun ò mọ̀ bóyá òun á padà wá. Síbẹ̀ ó lọ. Ó lọ, ó tún lọ. Bí mo bá sì fẹ́ sọ bó ṣe mọ ọkọ̀ wà tó fún ẹnikẹ́ni, eré yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, òjò ò tíì dá tán tí wọ́n fi tú àwọn ọkọ̀ sílẹ̀. Èyí tó ṣáájú wọ igun, ìdí rẹ̀ yọ̀, omi tó fọ́n sókè bò ó, a ò rí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò mira lórí àga wọn. Èmi ni mo ti dìde dúró, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra pé ẹ̀rù nìkan ni.