Sìmẹ́ńtì ló máa wó ilé tí ìmìtìtì ilẹ̀ ò rí wó

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tí kò bá lára mu kó má bínú: àtúnṣe ni wọ́n fi ń ba àwọn ilé àtijọ́ Kullu jẹ́.

Ìjọba orí òkè Himalaya ni Kullu láyé àtijọ́, ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh ní Íńdíà òde òní. Nǹkan bí ọdún 1460 ni wọ́n kọ́ àfin ọba tó wà ní Naggar. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1905, ilẹ̀ mì tìtì ní Kangra tó múlé gbè wọ́n, èèyàn bí 20,000 ló kú. Odi Kangra di àlàpà, tòun ti bí òkúta rẹ̀ ṣe ki tó. Àfin Naggar dúró. (Kì í ṣe gbogbo ilé òkúta ló wó ṣá: tẹ́ńpìlì Baijnath ti ọdún 1204 ṣì wà.)

Ògiri tí wọ́n ń pè ní kath-kuni ló gba Naggar. Òkúta nìkan ni wọ́n fi ń gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ sókè, kí omi yìnyín má baà kan igi. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ́ ìtì igi deodar (irú igi kédárì kan tó ń hù ní Himalaya) méjì, ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú, wọ́n á fi igi kéékèèké so wọ́n pọ̀, wọ́n á sì rọ òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín. Òkúta pẹlẹbẹ ló kàn lórí ìyẹn, láìsí ohunkóhun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Igi tún kàn, òkúta tún kàn. Níbi igun ilé, igi ẹ̀gbẹ́ kan á gùn lé ti èkejì, wọ́n á fi èèkàn igi dè é. Bí ilẹ̀ bá mì, òkúta á máa fara ha ara wọn, agbára ìmìtìtì náà á sì tán síbẹ̀, igi ò ní jẹ́ kí wọ́n tú ká. Òrùlé wọn náà, tó jẹ́ òkúta tó wúwo, wúlò: òkúta tí nǹkan ò lẹ̀ pọ̀, ìwúwo ló ń mú un jókòó.

Ẹ wá rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i lára. Ògiri ò lè mì mọ́, ó máa sán. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Òróró inú deodar ń lé ikán, ṣùgbọ́n kò sí igi tó lè máa gbé nínú ọ̀rinrin títí. Orí ìtì igi tó wà ní igun ló ń kọ́kọ́ jẹrà, igun yẹn gan-an ló sì di gbogbo ilé mú. Kí sìmẹ́ńtì tó já bọ́, igi ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun.

Mo mọ̀ pé deodar ti wọ́n, òfin gígé igi nínú igbó sì le. Iná náà ń ba àwọn onílé lẹ́rù, ó ṣe tán, abúlé Malana ní Kullu jóná ní oṣù kìíní 2008. Àmọ́ wáyà iná mànàmáná tí wọ́n kì bọ inú ọ̀pá àti àgbá omi ni oògùn iná, kì í ṣe sìmẹ́ńtì.

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó fi òpó ti òkè ró, kó kọ nọ́ńbà sára òkúta kó tó tú u, kó gé ibi tó jẹrà nìkan, kó so igi tuntun mọ́ ọn. Igi náà gbọ́dọ̀ ti gbẹ dáadáa o. Igi tútù á sún kì tó bá gbẹ, ìlà òkúta tó wà lórí rẹ̀ á rì, igun á sì là.